Kí Orin Tó Bẹ̀rẹ̀: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Gbọ̀ngàn Cincinnati Lọ́dún 1979

Aago 8 alẹ́ ni eré, àmọ́ láti ọ̀sán ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kóra jọ síwájú ilẹ̀kùn. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1979, ní ìlú Cincinnati, ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òtútù mú, atẹ́gùn sì ń fẹ́ wá láti ojú odò Ohio tó ń ṣàn nítòsí gbọ̀ngàn náà. Riverfront Coliseum ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. Heritage Bank Center ló ń jẹ́ báyìí. Nígbà tí ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀, ọdún mẹ́rin péré ni wọ́n ti ṣí i. Àwọn tó fẹ́ ṣeré níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ni The Who, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì láti London, tí Roger Daltrey ń kọrin fún, tí Pete Townshend ń ta jìtá fún. Tíkẹ́ẹ̀tì 18,348 ni wọ́n tà, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

Nínú iye yẹn, 14,770 ni kò ní nọ́ńbà ìjókòó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn tó ń ṣòwò eré ní Amẹ́ríkà ń pe irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ní festival seating. Orúkọ náà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí kò dá ìjókòó kankan lójú fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni yóò dúró síwájú pèpéle. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ìpàkọ́ ẹlòmíràn ni yóò máa wò di òru. Owó kan náà ni wọ́n san. Ohun tó ya ẹni tó rí olórin lójúkojú sọ́tọ̀ sí ẹni tó rí i bí èèrà lókèèrè ni ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ojúkòkòrò ló kó àwọn ọmọ yẹn dúró sínú òtútù láti ọ̀sán, mo máa ń bi í pé: ta ló ta tíkẹ́ẹ̀tì tó ní kí wọ́n wá báyẹn?

Mo ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ níbi eré orin ní London, bí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó wà níbí ṣe ń ṣe é kí ọwọ́ wa tó tẹ iṣẹ́ tó wù wá. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní iṣẹ́ náà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa Cincinnati. Olùkọ́ wa dárúkọ ìlú náà, ó sọ iye àwọn tó kú, ó sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Èmi ni kò kọjá. Mo ti ka ohun tí mo rí kà nípa rẹ̀ láti ìgbà náà, pàápàá lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa náà ní Brixton, ní London níbí, tí n ó dé orí rẹ̀.

Kí aago 7 alẹ́ tó lù, wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 8,000 èèyàn ló ti wà ní gbàgede iwájú gbọ̀ngàn. Ọ̀wọ́ ilẹ̀kùn gíláàsì ló wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo wọn sì wà ní títì. Ìdènà tó lè mú èrò tò kò sí, kò sí okùn, kò sí ọ̀nà kọ́rọ́kọ̀rọ irú èyí tí a máa ń rí ní pápákọ̀ òfurufú tàbí ní báǹkì. Ẹni tó bá dé, ẹ̀yìn ẹni tó bá níbẹ̀ ló lọ ń dúró, gbogbo wọn sì kọjú sí ibì kan náà. Ọlọ́pàá tó wà níta kò ju nǹkan bí 25 lọ.

Lẹ́yìn náà ni ohùn orin jáde láti inú. Àwọn kan sọ pé àwọn olórin ló pẹ́ dé, tí wọ́n wá ń dán ẹ̀rọ ohùn wò. Àwọn mìíràn ní fíìmù tí wọ́n ń fi hàn ṣáájú eré ni. Èyí ó wù kó jẹ́, nǹkan kan ṣoṣo ni etí ẹni tó wà níta gbọ́: wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, a ò sì tíì wọlé.

Nígbà tí wọ́n wá ṣílẹ̀kùn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ṣí nínú gbogbo ọ̀wọ́ yẹn. Ẹ fojú inú wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó fẹ́ gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó bá wọ mólùé ní Oṣòdì láyé ìjọ́un yóò mọ apá kan nínú ohun tí mo ń sọ. Bí ọkọ̀ bá ti ń yọ bọ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ lo máa fi wọ̀ ọ́. Èrò ló máa gbé ọ. Bàtà kan á bọ́, bọ́tìnnì á já, wàá kàn rí i pé o ti wà nínú ọkọ̀, wàá sì máa wá ẹni tó tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ láti bá a jà. Ṣùgbọ́n èrò Oṣòdì, ogún èèyàn ni, bóyá ọgbọ̀n, ẹni tí ó bá sì sú á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á ní òun ń dúró de òmíràn. Ní Cincinnati, kò sí ẹ̀gbẹ́ tí èèyàn lè yà sí. Gíláàsì ni iwájú, èèyàn ni ọ̀tún, èèyàn ni òsì, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń sún síwájú díẹ̀díẹ̀, torí wọ́n rí i pé nǹkan ń lọ. Wọn kò mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ni àwọn tó wà níwájú ń sún mọ́. Ara ẹlòmíràn ni wọ́n ń wọ̀.

Ẹnjiníà ọmọ Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ John Fruin, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí bí èrò ṣe ń rìn àti bí wọ́n ṣe ń dúró. Ó ní tí èèyàn bá ti tó méje lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, èrò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí omi. Ìgbì á máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹnì kan á ti ẹlòmíràn lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹni tí kò rí i rárá níwájú á sì kúrò níbi tó dúró sí, ìgbì náà lè gbé e tó mítà mẹ́ta, kò sì sí ohun tí agbára tirẹ̀ lè ṣe sí i. Bí o bá sanra, bí o bá jẹ́ akin, bí o bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, ọ̀kan ṣoṣo ni. Apá tó wà nílẹ̀ kò ṣeé gbé sókè mọ́, èyí tó wà lókè kò sì ṣeé sọ̀ kalẹ̀.

A máa ń sọ lédè wa pé èrò “tẹ èèyàn pa”. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà, torí ojú tí a fi ń wò ó ni pé ẹnì kan ṣubú, àwọn mìíràn sì gba orí rẹ̀ kọjá. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ jù níbi báyìí ni àìlèmí. Kí èèyàn tó lè mí, àyà gbọ́dọ̀ ráyè fẹ̀. Bí ara bá fún àyà rẹ níwájú àti lẹ́yìn, èémí tí o mí jáde, àyè kò ní sí fún òmíràn láti wọlé. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè kú lórí ìnàró, kí èrò ṣì gbé e dúró láàárín wọn, kí ẹni tó kọjú sí i má sì tètè mọ̀. Bí ẹnì kan bá sì ṣubú, ihò ló dá sílẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní ohun tó fara tì mọ́, òun náà á ṣubú lé e, ẹlòmíràn á tún ṣubú lé àwọn méjèèjì.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó wà níta rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń yíwọ́. Ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn sí i. Èsì tí wọ́n fún un ni pé ìdánwò ohùn kò tíì parí. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún ní àwọn tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì kò pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa iṣẹ́ ilẹ̀kùn, torí ẹni tí kò bá ṣe é rí lè rò pé ìkà ni àwọn èèyàn yẹn. Ohun tí ọ̀gá máa bi ọ́ lọ́jọ́ kejì ni iye tó wọlé láìsan owó. Kò ní bi ọ́ léèrè iye àwọn tó wà níta tí wọn ò lè mí, torí lójoojúmọ́ ayé, kò sí irú wọn. Nítorí náà, bí o bá rí èrò tó ń ti ilẹ̀kùn, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí ọ lọ́kàn ni pé àwọn tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ já wọlé, ìwọ náà á sì fi èjìká ti ilẹ̀kùn padà. Mo ti ṣe é rí. Ọlọ́run ló yọ mí, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó sì yẹ kí ó hàn sí gbogbo èèyàn pé àwọn ọmọ Cincinnati tó wà lójú gíláàsì yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì wà lápò wọn.

Ní nǹkan bí aago 8 ni àwọn ọlọ́pàá rí òkú àkọ́kọ́. Nígbà tí ojú gbàgede mọ́, bàtà ló kún ilẹ̀, bàtà lóríṣiríṣi, pẹ̀lú aṣọ òtútù. Èèyàn 11 ló kú: ọkùnrin 7, obìnrin 4. Ẹni tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 15, ẹni tó dàgbà jù sì jẹ́ ẹni ọdún 27. Àwọn 26 mìíràn farapa.

Eré sì wáyé. Ọ̀rọ̀ yìí ti fa àríyànjiyàn láti ìgbà náà: wọ́n sọ fún alámòójútó ẹgbẹ́ olórin náà pé èèyàn ti kú níta, ìpinnu tí wọ́n sì ṣe ni pé kí orin máa lọ, kí àwọn tó ti wà nínú má bàa tú jáde lójijì gba ẹnu ọ̀nà kan náà tí òkú wà. Wọn kò sọ fún àwọn olórin títí wọ́n fi ṣe tán. Ó dùn mí láti kọ ọ́, àmọ́ mo rò pé ìpinnu tó dáa ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kọrin, tí wọ́n jó, tí wọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀pọ̀ ló sì délé kí wọ́n tó mọ̀ pé ara ohun tí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé ni ikú wà. Kò sí fóònù alágbèéká láyé ìgbà yẹn. Òbí tó bá gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, ojú ọ̀nà ló ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, stampede ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ìwé ìròyìn mú lò, ọ̀rọ̀ tí àwọn darandaran Amẹ́ríkà ń lò fún màálù tó bá dẹ́rù ba ara rẹ̀ tó sì sáré tú ká. Wọ́n ní oògùn olóró ni, wọ́n ní ọtí ni, wọ́n ní orin rọ́ọ̀kì ló ń ya àwọn ọmọ ní wèrè. Norris Johnson, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Cincinnati, kò gbà bẹ́ẹ̀ wọ́rọ́wọ́. Ó kó àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún àwọn ọlọ́pàá jọ, ó kà wọ́n, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1987. Kò rí àwọn tó ń sáré, torí kò sí àyè tí èèyàn lè gbé ẹsẹ̀ sí. Ohun tó rí níbẹ̀, léraléra, ni àwọn tó ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́: ọkùnrin tó ń gbìyànjú láti gbé ọmọbìnrin tí kò mọ̀ rí sókè, àwọn tó ń kígbe sẹ́yìn pé kí wọ́n sún kúrò, tí igbe wọn kò sì dé ibi tó yẹ kó dé. Wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́ títí agbára ìrànlọ́wọ́ fi tán nínú wọn.

Ibí yìí ni Brixton ti wọlé. Ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2022, Ọjọ́bọ̀, ni Asake, olórin ọmọ Nàìjíríà, ń ṣe eré kẹta nínú mẹ́ta tó ní ní O2 Academy tó wà ní Brixton. Gbọ̀ngàn yẹn kò tó ti Cincinnati, kò gba ju 4,921 lọ, sinimá ni wọ́n sì kọ́ ọ fún lọ́dún 1929. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́, èrò há mọ́ ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kan tó jẹ́ ẹni ọdún 33 kú. Ẹnì kejì tó kú jẹ́ ẹni ọdún 23, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ló sì wá ṣe níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Orin kò tíì parí tí wọ́n fi dá eré náà dúró.

N ò ní sọ ẹni tó jẹ̀bi, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tí mo gbọ́ ní ilé onírun, nínú ọkọ̀, lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, láti ẹnu àwa fúnra wa: “Àwọn ọmọ Nàìjíríà, wọn ò lè tò.” “Ṣé ẹ rí i, bá a ṣe máa ń ṣe nìyẹn.” Àǹtí kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ló sọ èyí tó kẹ́yìn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn òyìnbó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kú ní Cincinnati ńkọ́, ṣé ọmọ Nàìjíríà làwọn náà?” Wọn ò gbọ́ nípa ìyẹn rí. Nígbà tí ọmọdé 35 wá kú ní Bàṣọ̀run, n’Ìbàdàn, lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, níbi ayẹyẹ ọdún Kérésìmesì tí wọ́n pè wọ́n sí, Àǹtí pè mí lórí fóònù. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa títò lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, “Géètì mélòó ni wọ́n ṣí?”

Ìjọba ìbílẹ̀ Lambeth, tí Brixton wà lábẹ́ rẹ̀, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ gbọ̀ngàn Brixton fúngbà díẹ̀. Ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 kí wọ́n tó gbà pé ó lè padà ṣí, wọ́n sì la òfin 77 sílẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé; ilẹ̀kùn tó lágbára sí i àti ọ̀nà tuntun láti máa yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò wà lára wọn. Oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n ṣí i padà. Nígbà tó ṣì wà ní títì, lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, Asake ti ṣeré ní The O2, gbọ̀ngàn mìíràn ní London tó gba 20,000.

Ní Cincinnati, ìjọba ìlú kò fi nǹkan falẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1979 náà, kí oṣù tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ tó parí, ni wọ́n fòfin de tíkẹ́ẹ̀tì aláìnínọ́ńbà. Wọ́n tún yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ náà sì gbé ìwé jáde lóṣù Keje ọdún 1980 lórí bí a ṣe ń bójú tó èrò. Paul Wertheimer, òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú tó wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, fi ọ̀rọ̀ èrò ṣe iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́yìn náà; bàbá yìí a máa wọ àárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń forí gbára níwájú pèpéle láti fi ara rẹ̀ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn kò tẹ̀ lé Cincinnati. Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró lọ bí wọ́n ṣe ń tà á, àwọn olórin ńlá sì ń fo Cincinnati dá, títí òwò fi borí. Ọdún 2004 ni wọ́n gbé òfin náà kúrò. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àyè tó tó ẹsẹ̀ bàtà 3 níbùú, ẹsẹ̀ bàtà 3 lóòró. Ẹ wọ̀n ọ́n nílẹ̀ yàrá yín, kí ẹ dúró sí àárín rẹ̀, ẹ ó rí i pé kò kéré rárá. N ò tíì rí ibi eré kankan tí mo ti ní tó bẹ́ẹ̀ níwájú pèpéle.

Mẹ́ta nínú àwọn 11 yẹn, ilé ẹ̀kọ́ girama kan náà ni wọ́n ti wá, ní Finneytown, lẹ́bàá Cincinnati. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti ń fi orúkọ wọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ẹ̀kọ́. Daltrey lọ síbẹ̀ lọ́dún 2018. Wọ́n gbé àmì ìrántí kalẹ̀ sí gbàgede gbọ̀ngàn náà lọ́dún 2015. Ẹgbẹ́ náà kò padà wá ṣeré ní Cincinnati títí di ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ó sì jẹ́ pápá bọ́ọ̀lù ni wọ́n lò.

Ó ku nǹkan kan tí mi ò lè ṣàì sọ. Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1979 ló yẹ kí The Who ṣeré ní Providence, ìpínlẹ̀ Rhode Island. Olórí ìlú náà fagi lé e nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ohio. Bẹ́ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì Providence ní nọ́ńbà ìjókòó, gbogbo wọn. Olúkúlùkù ló mọ ibi tí òun máa jókòó sí, ì báà dé láago mẹ́ta ọ̀sán, ì báà dé ìgbà tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn olórin ni ó lé, kò wo tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà máa padà wá sí Providence ní oṣù Kejì ọdún 2013, wọ́n kéde pé ẹni tó bá ṣì ní tíkẹ́ẹ̀tì ọdún 1979 lọ́wọ́ lè mú un wá. Àwọn mélòó kan ti tọ́jú tiwọn pamọ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Wọ́n mú un wá, wọ́n sì gbà wọ́n wọlé.